Eré Bàlúù Ogun Nítòsí Ilẹ̀ àti Lókè Òfurufú: Ìtàn Ọdún 1945 sí 1991

Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa bàlúù ogun, iye kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ síwájú orúkọ bàlúù kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bí ó ti lè sáré tó. Wọn a ní bàlúù kan ń sá ìlọ́po méjì eré ìró. Wọn a ní òmíràn ń sá ìlọ́po mẹ́ta. Láti inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìtàn kan ti jáde tí ó sì ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ jẹ́ẹ̀tì ti dé ni bàlúù ogun ti ń yára sí i láti ọdún dé ọdún, àti pé èyí tí ó bá yára jù lọ ni ó ń borí. Ìtàn náà kò pé. Iye tí àwọn ìwé náà ń kọ jẹ́ iye tí bàlúù lè sá ní gíga kan pàtó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Bí bàlúù kan náà bá sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìtòsí ilẹ̀, eré rẹ̀ lè dín kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kù sí ìdajì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eré òkè àti eré ìsàlẹ̀ yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí, àti bí ìyàtọ̀ náà ti darí ìtàn àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Sófíẹ̀tì láti ìparí Ogun Àgbáyé Kejì títí di Ogun Gọ́ọ̀fù ti 1991. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, òkè ni gbogbo wọn ń lọ nítorí pé ibẹ̀ ni eré wà. Lẹ́yìn 1960, púpọ̀ nínú wọn fi òkè sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n rí eré ní ìsàlẹ̀. Lílé ni wọ́n lé wọn kúrò níbi tí eré wà. Ohun tí ìsọ̀kalẹ̀ náà gbà lọ́wọ́ irin àti lọ́wọ́ ènìyàn kì í sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ eré.

Afẹ́fẹ́, ìró àti ooru

Kí ọ̀rọ̀ tó kan ìtàn gan-an, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé òǹkàwé pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ tí ó kún inú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 1.2. Ní gíga 11,000 mítà, afẹ́fẹ́ tí ó kún irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò ju kìlógíráàmù 0.36 lọ; ní 20,000 mítà, kò tó 0.1. Bàlúù tí ń sáré nítòsí ilẹ̀ dà bí ẹni tí ń sáré nínú odò tí omi mù ún dé ìbàdí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n omi kò jẹ́ kí ó lọ. Bí ó bá gun òkè odò, agbára ẹsẹ̀ kan náà yóò gbé e jìnnà. Èyí tí ó tún wá le jù ni pé bí bàlúù bá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í padà yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Ti ìró náà tún ṣe pàtàkì. Eré tí ìró ń sá nínú afẹ́fẹ́ kì í dúró lójú kan. Ooru àti òtútù ni ó ń darí rẹ̀. Ní etí òkun, níbi tí ooru bá wà ní ìwọ̀n 15 Sẹ́síọ́ọ̀sì, ìró ń sá kìlómítà 1,225 ní wákàtí kan. Ní 11,000 mítà, níbi tí òtútù ti sọ̀ kalẹ̀ ju ti omi dídì lọ ní ìwọ̀n 56, eré rẹ̀ kò ju kìlómítà 1,062 lọ. Bí bàlúù bá ti ń súnmọ́ eré ìró, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ kì í rí àyè yà fún un mọ́. Ṣe ni yóò máa wọ́ jọ níwájú rẹ̀ bí èrò tí kò gbọ́ ago tí ó ní kí wọ́n yà lọ́nà. Ìtakò afẹ́fẹ́ a sì ga lójijì. Eré ìró yìí ni wọ́n ń pè ní Mach 1. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé bàlúù kan sá Mach 1 kò tíì sọ iye kìlómítà tí ó sá, àfi bí ó bá sọ ibi tí ó ti sá a.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò láti inú èyí pé bí bàlúù bá ti ń gòkè tó ni yóò máa yára tó. Afẹ́fẹ́ kan náà tí ń dí bàlúù lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń mí, òun náà sì ni ó gbé apá rẹ̀ dúró. Níbi tí ó bá ti fẹ́lẹ́ jù, ẹ̀rọ a bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Fún púpọ̀ nínú àwọn bàlúù jẹ́ẹ̀tì àwọn ọdún 1950 sí 1970, àárín 11,000 sí 15,000 mítà ni wọ́n ti ń sá eré wọn tí ó ga jù lọ.

Àwọn tí ń lé ooru kiri, 1945 sí 1956

Òfin ẹgbẹ́ àgbáyé FAI, tí ń ṣe àkóso àkọsílẹ̀ eré bàlúù, ní kí bàlúù tí ó bá fẹ́ gba ipò kìíní sáré lọ sáré bọ̀ lórí ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 3, kí ó má sì fò ju nǹkan bí 100 mítà sókè lọ. Ìdí òfin náà kò fara sin. Ojú àti ẹ̀rọ ayàwòrán àwọn tí ń ka àkókò gbọ́dọ̀ tó o. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọ́dọ̀ já bọ́ láti òkè wá kí ó fi ìsọ̀kalẹ̀ yá eré tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà ṣe ni pé ó há gbogbo ìdíje mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ki jù lọ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1945, H. J. Wilson wa Gloster Meteor ní Herne Bay nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kìlómítà 975 ní wákàtí kan. Èyí ni àkọsílẹ̀ àgbáyé àkọ́kọ́ tí bàlúù jẹ́ẹ̀tì gbà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ìdíje náà gbóná jù lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1953, Neville Duke wa Hawker Hunter ní kìlómítà 1,171 ní etí òkun Littlehampton. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Mike Lithgow gbé bàlúù Swift lọ sí Líbíà, tí ó sì sá kìlómítà 1,184 níbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, James Verdin fi Skyray sá kìlómítà 1,211 ní adágún Salton ní Kalifóníà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, ní adágún kan náà, Frank Everest fi F-100 sá kìlómítà 1,215.

Ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó gbé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé aṣálẹ̀ Líbíà, tí ó sì gbé àwọn ará Amẹ́ríkà dé adágún kan tí ojú omi rẹ̀ tilẹ̀ fi nǹkan bí 70 mítà rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Ooru ni wọ́n ń wá kiri. Níbi tí oòrùn bá ti mú gidigidi, eré ìró a ga sí i, odi tí ó dúró níwájú bàlúù a sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Bàlúù a lè jèrè kìlómítà mélòó kan kí ó tó kàn án. Bàlúù mẹ́rin, láàárín oṣù méjì, ni ó gba ipò kìíní lọ́wọ́ ara wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n sì fi ju ara wọn lọ láti orí ti àkọ́kọ́ dé orí ti ìkẹyìn kò ju kìlómítà 44 lọ. Ìdíje náà fa ìdùnnú fún àwọn oníwèé ìròyìn. Ohun tí ó fi hàn ní ti òdodo ni pé gbogbo wọn ti dé ibi kan náà, ibẹ̀ kò sì fẹ́ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà tí ènìyàn ti ré ìró kọjá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1947, Charles Yeager ti Amẹ́ríkà, nínú bàlúù olóògùn-ìbúgbàù tí wọ́n ń pè ní X-1, sá Mach 1.06 ní gíga nǹkan bí 13,000 mítà. Iye kìlómítà tí ó sá lọ́jọ́ náà jẹ́ nǹkan bí 1,127. Iye yìí kéré sí 1,171 tí Duke sá ní Littlehampton; síbẹ̀ Yeager ré ìró kọjá, Duke kò ré e kọjá. Kò sí ẹ̀rí mìíràn tí ó tún lè hàn gbangba ju èyí lọ pé iye eré láìsí iye gíga kò sọ gbogbo òtítọ́.

Nígbà tí ó yá, wọ́n yí òfin padà, wọ́n sì gbà kí a máa ka eré tí bàlúù bá sá lókè. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1955, Horace Hanes fi F-100C sá kìlómítà 1,323. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1956, Peter Twiss ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Fairey Delta 2 sá kìlómítà 1,822 ní gíga bí 11,600 mítà. Ohun tí ìdíje fi kún eré láti 1945 dé 1955 jẹ́ kìlómítà 348. Ohun tí Twiss fi kún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo jẹ́ 499. Òtítọ́ ni pé ọgbọ́n àwọn tí ó ṣe bàlúù náà pọ̀, kò sì yẹ kí a gba ìyìn wọn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n apá púpọ̀ nínú ìlọsíwájú tí àwọn ìwé ìtàn ń yìn ní ọdún náà, ibi tí wọ́n ti ń sáré ni ó yí padà.

Ọdún kan, irú bàlúù kan

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ kan tí yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ, ọdún 1961 ni kí a wò, àti bàlúù Phantom ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Wọ́n pinnu láti fi irú bàlúù kan yìí gba àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ti òkè pọ̀.

Ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò, ní Niu Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún. Nínú eré náà, ẹ̀rọ tí ń mú kí imú bàlúù dúró déédéé kọṣẹ́. Imú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra sókè, ó tún ń tẹ̀ wálẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè fún awakọ̀ láyè díẹ̀. Nítòsí ilẹ̀, nínú eré tí ó ju ti ìró lọ, afẹ́fẹ́ tí ó ki náà fa bàlúù ya lójú ẹsẹ̀, àwọn ọ̀gágun méjèèjì tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, Huntington Hardisty àti Earl DeEsch tún un gbìyànjú. Wọ́n fò ní gíga tí kò tó 40 mítà láti orí ilẹ̀, wọ́n sì sá kìlómítà 1,452 ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá, Robert Robinson gbé Phantom mìíràn lọ sókè, ó sì sá kìlómítà 2,585. Wọ́n ti ṣe ètò kan sínú bàlúù ti òkè yìí tí ń fọ́n omi sínú afẹ́fẹ́ tí ń wọ ẹnu ẹ̀rọ lọ kí ó lè tutù, nítorí pé nínú irú eré bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ a ti gbóná jù fún ẹ̀rọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ kìlómítà 1,133. Ní òkè, ooru ni ó dá Phantom dúró. Ní ìsàlẹ̀, ìwúwo afẹ́fẹ́ ni.

Láti ìgbà náà, àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sún síwájú. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1977, Darryl Greenamyer, tí kì í ṣe ọmọ ogun rárá, fi F-104 kan tí ó ṣa ẹ̀yà ara rẹ̀ jọ láti oríṣìíríṣìí ibi sá kìlómítà 1,590 ní Nẹ̀fádà. Ọdún mẹ́rìndínlógún fi kìlómítà 138 péré kún un, kò sì sí ẹni tí ó tíì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti òkè ni Eldon Joersz àti George Morgan gbà ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1976 pẹ̀lú SR-71, kìlómítà 3,529 ní wákàtí kan.

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, 1960

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìgbàgbọ́ àwọn ọ̀gá ogun ni pé ẹni tí ó bá lè fò ga, tí ó sì lè yára níbẹ̀, kò sí ohun tí yóò bá a. Lórí ìgbàgbọ́ yìí ni wọ́n ti ń ṣe XB-70 ní Amẹ́ríkà, bàlúù ńlá tí yóò máa gbé àdó olóró ní Mach 3 ní gíga tí ó lé ní 20,000 mítà.

U-2, bàlúù amí tí Amẹ́ríkà ti ń rán lọ sórí ilẹ̀ Sófíẹ̀tì láti oṣù keje ọdún 1956, kò yára rárá. Gíga rẹ̀ nìkan ni asà rẹ̀. Ní nǹkan bí 21,000 mítà tí ó máa ń fò, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ fi wà láàárín ikú méjì: bí ó bá dín eré kù díẹ̀, apá bàlúù kò ní lè gbé e mọ́, bí ó bá fi díẹ̀ kún un, yóò súnmọ́ eré ìró, bàlúù a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n títí yóò fi já. Àyè tí ó wà láàárín méjèèjì lè má ju nǹkan bí kìlómítà 20 ní wákàtí kan lọ. Wákàtí púpọ̀ ni àwọn awakọ̀ náà fi ń rìn lórí okùn tínrín yìí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1960, mísáìlì S-75 ti àwọn Sófíẹ̀tì já U-2 tí Francis Gary Powers wà bọ́ nítòsí Sverdlovsk. Nínú ìdàrúdàpọ̀ ọjọ́ náà, mísáìlì àwọn Sófíẹ̀tì tún já ọ̀kan nínú bàlúù MiG-19 tiwọn fúnra wọn tí ń lépa U-2 náà, Sergei Safronov tí ó wà á sì kú. Powers yè.

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé ọjọ́ yìí ni ó bí ìfò ìsàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní 1953 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fò irú Valiant kan tí wọ́n fún ní egungun líle kí ó lè yára nítòsí ilẹ̀. Wọn kò rà á, wọ́n sì wó o nígbà tí ó yá. Ohun tí ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ṣe ni pé ó pa àríyànjiyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1961, Ààrẹ Kennedy dín XB-70 kù sí ti ìdánwò lásán. Àwọn bàlúù ajuàdó-olóró tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n wá ní kí ó máa rá pálá kọjá nísàlẹ̀.

Ìṣirò tí ó wà lẹ́yìn àṣẹ náà rọrùn. Ayé rí roboto, rédà kò sì lè ríran gba inú ilẹ̀ kọjá. Rédà tí ó dúró lórí òpó 20 mítà lè rí bàlúù tí ó wà ní 20,000 mítà láti nǹkan bí 600 kìlómítà. Bí bàlúù náà bá wà ní 100 mítà péré, rédà kò ní rí i títí yóò fi kù bí 60 kìlómítà, kódà bí kò bá sí òkè kankan láàárín wọn. Bàlúù tí ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan yóò rin 60 yìí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nítorí náà, eré tí kò tó ti ìró ní ìsàlẹ̀ fún awakọ̀ ní ààbò tí ìlọ́po mẹ́ta eré ìró lókè kò lè dá a lójú mọ́.

Ohun tí ìsàlẹ̀ gbà

Àwọn bàlúù tí wọ́n rán wálẹ̀ kì í ṣe ti ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkè dúró jẹ́ẹ́. Ti ìsàlẹ̀ a máa ru gùdù bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀, bí ìjì bá sì ti kọlu òkè. Apá gbọọrọ tí wọ́n ṣe kí bàlúù lè rọra léfòó lókè di ohun tí gbogbo ìjì ìsàlẹ̀ ń gbá mú. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ tí ń sáré lójú ọ̀nà oníkòtò yóò mọ bí ó ti ń rí, àfi pé kòtò ibẹ̀ kò hàn sójú.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1963, ìrù B-52 kan já nínú ìjì níbi tí ó ti ń fi ìfò ìsàlẹ̀ ṣe ìdánrawò ní ìpínlẹ̀ Maine, ó sì kọlu òkè. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀, méje kú. Ọdún kan kò pé lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1964, tí ìjì tún já ìrù B-52 mìíràn, tí wọ́n kó ohun èlò sínú rẹ̀ láti wádìí irú ìjì bẹ́ẹ̀ gan-an. Awakọ̀ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ wákàtí tọ́jú rẹ̀ láìní ìrù títí ó fi balẹ̀ ní Akánsọ́ọ̀. Owó púpọ̀ ni Amẹ́ríkà ná láti fún egungun àwọn B-52 lókun.

Valiant ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà. Ní 1964, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ti ń fò nísàlẹ̀, wọ́n rí i pé irin tí ó gbé apá wọn ti ń sán. Ní oṣù kìíní ọdún 1965, wọ́n kó gbogbo wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá rántí Valiant ti 1953 tí wọ́n kọ̀ tí wọ́n sì wó, yóò rí i pé oògùn àrùn náà ti wà lọ́wọ́ wọn kí àrùn tó dé.

Bàlúù tí Amẹ́ríkà wá ṣe fún ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni F-111, tí ó kọ́kọ́ fò ní oṣù kejìlá ọdún 1964. Apá rẹ̀ ṣeé nà, ó sì ṣeé ká. Bí ó bá fẹ́ gbéra tàbí balẹ̀, yóò nà án. Bí ó bá fẹ́ sáré nítòsí ilẹ̀, yóò ká a sẹ́yìn kí ìjì má baà rí ibi gbá mú. Rédà rẹ̀ ń wo òkè àti àfonífojì iwájú, ó sì ń darí bàlúù gòkè sọ̀ fúnra rẹ̀ lóru. Èyí tí ó yára jù lọ nínú irú rẹ̀ lè sá Mach 2.5 lókè, nísàlẹ̀, Mach 1.2 ni. Ìyàtọ̀ àtijọ́ náà kò kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1968, wọ́n fi mẹ́fà ránṣẹ́ sí Thailand fún ogun Vietnam. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, mẹ́ta ti sọnù. Wọ́n rí i lẹ́yìn náà pé irin kan tí wọ́n jó pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí ń darí ìrù lè já, kí bàlúù sì bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ní 1972, nígbà tí wọ́n tún padà lọ, iṣẹ́ wọn dára púpọ̀.

Kì í ṣe gbogbo bàlúù ni ó sọ̀ kalẹ̀. SR-71 dúró lókè, níbi tí ara rẹ̀ ń gbóná ju 300 Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ, tí wọ́n sì torí ẹ̀ fi táténíọ́ọ̀mù ṣe é. Epo a máa jò lára rẹ̀ nígbà tí ó bá wà nílẹ̀, nítorí pé ìgbà tí ooru òkè bá mú irin rẹ̀ fẹ̀ ni ojúpọ̀ rẹ̀ ń pàdé dáadáa. Bàlúù tí ó yára jù lọ yìí kò gbọ́dọ̀ sá eré tó ti ìró nítòsí ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́. MiG-25 ti Sófíẹ̀tì náà rí bẹ́ẹ̀. Láti 1971 ni ó ti ń fò láti Éjíbítì kọjá lórí Sínáì, Phantom àwọn Ísírẹ́lì kò sì lè bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú un sọ̀ kalẹ̀ kò ní rí MiG-25 tí òkìkí rẹ̀ kàn mọ́.

Ohun tí ó fi hàn jù lọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti yé àwọn tí ń rà bàlúù ni B-1. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, B-1A, lè sá ju ìlọ́po méjì eré ìró lọ lókè. Ààrẹ Carter fagi lé e ní 1977. Nígbà tí Ààrẹ Reagan jí i dìde ní 1981, wọ́n sọ ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ di èyí tí ó rọrùn, eré òkè rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí Mach 1.25. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bàlúù titun tí kò yára tó ti àtijọ́, wọ́n sì san owó ńlá fún un, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni yóò ti ṣiṣẹ́, eré ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì dín.

Irú ìpinnu yìí kan Nàìjíríà náà. MiG-21 tí ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà gbà láti 1975 lè sá ju Mach 2 lọ lókè. Jaguar 18 tí ó rà lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1984, kò lè ju Mach 1.6 lọ. Ẹni tí ó bá wo iye yẹn nìkan yóò sọ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ. Jaguar kò wá láti máa bá ẹnikẹ́ni sáré lókè. Ìtòsí ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ó sì lè ré ìró kọjá níbẹ̀ nígbà tí kò bá ru ẹrù. Owó ìtọ́jú wọn ni ó wá ṣòroó gbé, tí wọ́n fi gbé wọn jókòó ní 1991.

Ogun Gọ́ọ̀fù

Ọdún 1991 yìí gan-an ni ìfò ìsàlẹ̀ rí ìdánwò tí ó le jù lọ. Tornado ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà ní apá tí ń ká, ni wọ́n rán lọ sórí pápákọ̀ òfurufú Íráàkì lóru, láti gba orí rẹ̀ kọjá ní gíga tí kò ju 60 mítà tàbí bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì máa da ohun ìjà JP233 sílẹ̀ bí ó ti ń lọ. Rédà kò rí wọn bí wọ́n ti ṣírò. Ṣùgbọ́n ìbọn ńlá kò nílò rédà. Àwọn ará Íráàkì kàn ń yìn ín sókè lórí pápákọ̀ wọn ni, láìwo ibi kan pàtó, bàlúù a sì fò wọ inú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàdánù Tornado mélòó kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ìbọn yìí já, àríyànjiyàn sì ti wà lórí bí ìfò ìsàlẹ̀ ti jẹ̀bi tó. Ṣùgbọ́n àṣẹ jáde pé kí wọ́n gòkè lọ sí nǹkan bí 6,000 mítà, níbi tí ìbọn kò ti lè dé. Àwọn bàlúù Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ ba púpọ̀ nínú rédà àti mísáìlì Íráàkì jẹ́, òkè sì ti ṣeé dúró sí.

Ibẹ̀ ni ìṣòro mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Apá kékeré tí ó jẹ́ kí Tornado dúró ṣinṣin nínú ìjì ìsàlẹ̀ kò fẹ́ gbé e lókè pẹ̀lú ẹrù, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń mí tipátipá. Àdó olóró tí ó jù láti ibẹ̀ ń ṣìnà, nítorí pé kò ní iná ìtọ́ka láti fi darí rẹ̀. Ní ìparí oṣù kìíní, wọ́n sáré kó Buccaneer wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàlúù tí wọ́n ti ṣe ní àwọn ọdún 1950 láti máa rá mọ́ ojú òkun kí rédà ọkọ̀ ojú omi má baà rí i. Bàlúù ìsàlẹ̀ àtijọ́ yìí ni ó wá dúró lókè nínú aṣálẹ̀, tí ó ń fi iná ìtọ́ka hàn fún Tornado ibi tí àdó yóò bọ́ sí. Ọdún 1994 ni wọ́n kó Buccaneer ìkẹyìn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.